Ọjọ́ tí Kóòṣì Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Jókòó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé; ìwé tí mo kà ò pọ̀. Lánàá ni mo gbóòórùn òrí àti káfúrà lára obìnrin kan ní Ìkẹjà, mo sì rántí orókún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ bisikíìtì l'Ágége. Òun ló mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n jù nínú ẹgbẹ́ wọn. Alaalẹ́ ni mò ń bá a fi òrí àti káfúrà ra orókún rẹ̀ tó wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àṣekágbá ìdíje wọn, òórùn bisikíìtì gba gbogbo pápá. Ẹ̀gbọ́n mi fò, ó balẹ̀, ó di orókún mú. Kóòṣì wọn, bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níléeṣẹ́ náà, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ní kó wá jókòó.

Èrò pariwo: "Kóòṣì, ṣé wọ́n ti rà yín ni?"

Bàbá náà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ tó bá ń han, mo máa ń pa á ni. Ṣé orókún ọmọ ọlọ́mọ ni kí n wá fi ta tẹ́tẹ́?"

Ẹgbẹ́ wọn fìdí rẹmi. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, mo sì rò pé ìyà ni kóòṣì fi jẹ ẹ́. Lálẹ́, bí mo ṣe ń ra orókún náà, ó mí kanlẹ̀.

"Àbúrò mi, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ pé mi ò lè sáré mọ́."

Lónìí, ó ń sáré lé àwọn ọmọ rẹ̀ kiri àgbàlá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì àṣekágbá yẹn, kí kóòṣì tó jí, mo rọra gbá ẹnu ọ̀nà wọn, mo sì pọnmi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn.