Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Tó Gbẹ́ Ṣáláńgá

Nígbà tí Màmá Dinah Adéoyè fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlobù, lọ́dún 1995, àwọn ènìyàn fún un lẹ́bùn ju ohun tí ilé rẹ̀ lè gbà lọ. Wọ́n gbé abọ́ wá, wọ́n gbé aṣọ wá, wọ́n mú adìẹ wá. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé aago ara ògiri mẹ́ta wá, nítorí pé aago ló ń tà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ Màmá lọ́kàn tó iṣu mẹ́fà tí Gàfárù, àgbẹ̀ kan ní Ìfọ́n, rù wá. Màmá ló kọ́ Fàthíà, ọmọ Gàfárù, títí tó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ṣe ọ́ lóore, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ ṣú kí o tó fẹsẹ̀ ara rẹ lọ kí wọn. O ó kúnlẹ̀, o ó ní “ẹ ṣé àná o,” wọ́n á ní kò tọ́pẹ́, ó parí. Orúnkún Màmá ni kò gbà. Ọdún kẹta rèé tó ti ń dùn ún. Bó bá kúnlẹ̀ kí ẹnì kan, ẹni ọ̀hún ni yóò tún fà á dìde. Ló bá ra àpòòwé, ó ní òun yóò kọ lẹ́tà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dúró, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Òṣogbo. Ó ní, “Màmá, ta ló tún ń fọwọ́ kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ ọgọ́ta káàdì. Gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà, á sì máa dán.”

“Ṣé oore tí wọ́n ṣe mí ló rí bákan náà?”

“Wọn ò ní mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Èmi á mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ wọ́n, títí ìka rẹ̀ fi wú. Ẹni tó gbé aago wá gba tirẹ̀ náà. Màmá kọ ọ́ sí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́, wọn ò kàn tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí aago lù ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọlọ́kadà gbé ti Gàfárù dé Ìfọ́n. Àsìkò náà kò dára. Ní oṣù kan ṣáájú, wolé-wolé ti dé ilé Gàfárù, ó rí i pé kò ní ṣáláńgá, ó sì sọ fún un pé bí kò bá gbẹ́ ọ̀kan, ìwé ni òun yóò fi pè é, ilé-ẹjọ́ ni wọn yóò sì ti rí ara wọn. Aishat ìyàwó rẹ̀ náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí obìnrin náà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣáláńgá. Igbó ẹ̀yìnkùlé ti sú u. Ó ní ní Kumasi tí wọ́n bí òun sí, kí àwọn òbí òun tó kó wọn wálé ní 1969, méjì ni ilé àwọn ní. Gàfárù a sì máa ní kó padà sí Kumasi.

Gàfárù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ bó bá rí i. Ó rí i gbàgàdà lára àpòòwé funfun náà, ọkàn rẹ̀ sì lọ sórí ìwé tí wolé-wolé ní òun yóò fi pè é. Ó nà án sí Aishat, tó kàwé dé kíláàsì mẹ́rin ní Ghana.

“Kí ni wọ́n ní mo ṣe?”

Aishat kà á látòkè délẹ̀, ó tún un kà. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì wo igbó ẹ̀yìnkùlé.

“Bàbá Fàthíà, ìkọ̀wé yìí lọ́ mọ́ra jù. Orúkọ yín ni mo rí.”

“O ò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀?”

“Mo rí ‘ilé yín.’ Mo tún rí ‘kíákíá.’”

Kò purọ́. Màmá ní kó bá òun kí “gbogbo ará ilé yín,” àti pé bí orúnkún òun bá yá kíákíá, òun yóò wá.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Gàfárù ti wà nínú ihò dé orúnkún. Lọ́jọ́rú, ihò mù ún dé àyà. Ní Ọjọ́bọ̀, fìlà rẹ̀ nìkan là ń rí. Àwọn tó ń kọjá bi í bóyá kànga ló ń gbẹ́, ó ní kí wọ́n lọ bi ìjọba. Aishat ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá fún un létí ihò, ó ń pè é ní olówó orí mi. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí Gàfárù ti gbọ́ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, orúnkún Màmá dẹwọ́ díẹ̀. Dúró yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí Ìfọ́n. Màmá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ní, “Ẹ ǹ lẹ́ o, onílé.”

Ohùn kan dáhùn láti inú ilẹ̀: “Ẹ má bínú sà, mo ti ń gbẹ́ ẹ.”

Màmá yọjú wo inú ihò. “Bàbá Fàthíà, èmi Tísà ni. Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi gbà?”

Ọkọ́ dúró. “Lẹ́tà wo?”

“Èyí tí mo fi dúpẹ́ iṣu.”

Gàfárù fẹsẹ̀ wá ọ̀nà gòkè, ó ń wá ojú Aishat. Aishat ti wọlé lọ gbé àga fún àlejò, àga náà sì pẹ́ kó tó jáde.

“Ìdúpẹ́?” ni Gàfárù wí, amọ̀ dé irùngbọ̀n. “Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́lẹ̀ nítorí iṣu ti ara mi?” Ó fa lẹ́tà náà yọ lábẹ́ fìlà. “Ẹ kà á fún mi. Gbogbo rẹ̀.”

Màmá wọ awò ojú, ó kà á: “Ọjọ́ tí ẹ wá kí mi, kò sí epo ọkọ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ẹ ní ọkọ̀ ló gbé yín, ṣùgbọ́n mo rí eruku ẹsẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé láti oko ẹ̀yìn Ìfọ́n lẹ ti ru iṣu náà lórí. A ti jẹ iṣu tán. Ìrìn yẹn ni n kò lè gbàgbé.”

Gàfárù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ẹ rí eruku náà?”

“Mo rí i.”

“Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá tún un kà. Dúró, tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, kò fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré mọ́. Gàfárù ká lẹ́tà náà dáadáa, ó dá a padà sábẹ́ fìlà, ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Aishat, o mọ̀?”

“Mo mọ̀ díẹ̀.”

Ó wo ihò náà títí. “Ó ti jìn ju ohun téèyàn ń dí lọ,” ló wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ padà.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, lẹ́tà kan dé Ìlobù láti ọwọ́ Aishat, lórí bébà tó já nínú ìwé Fàthíà. Ó dúpẹ́ pé Màmá bá òun gbẹ́ ṣáláńgá láìfọwọ́ kan ọkọ́. Inú Màmá dùn, ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe olùkọ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti mú báírò pupa, ó ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó kọ méje nínú mẹ́wàá sísàlẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ padà.

Ọjọ́ kejì ni Aishat wọ Ìlobù. Ó kúnlẹ̀, ó kí Màmá dáadáa, ó wá tẹ́ bébà náà sórí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mẹ́ta yòókù dà?”

“O ò fi nǹkan kan sórí ṣáláńgá. Ó yẹ kó ní àmì ohùn lórí.”

“Páànù la fi sórí ẹ̀, mà.”

Màmá wò ó, ó mú báírò, ó sọ ọ́ di mẹ́jọ.