Èmi Ni Mo Wó Ààrò Ìyá Mi

Ìyá mi, ó mà wá dìgbà o! Ó dìgbà, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, ìyá tó pọ̀n mí dàgbà, tó tún fi owó àdín rán mi níléèwé. Wọ́n ní kí èmi àkọ́bí kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ìsìnkú yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di gègé mú láìkọ nǹkan kan. Kì í ṣe ẹkún ló dí mi lọ́wọ́. Ìtìjú ni.

Kò sí ẹni tó gba abúlé wa lẹ́yìn Lálùpọn kọjá tí kò mọ ilé ìdáná yín. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín mọ ààrò olójú mẹ́ta: iná kan ṣoṣo lábẹ́, ìkòkò mẹ́ta lórí, èéfín sì gba ihò ara ògiri jáde. Ojú àkọ́kọ́ wà fún àdín tí ẹ ń sè tà, ìkejì fún ọbẹ̀, ìkẹta fún omi ìwẹ̀ wa. Bí ẹ bá pa ẹkùrọ́ tán, èèpo rẹ̀ lẹ ń kó síná, ẹ kì í gé igi tútù. Omi tí ẹ máa fi ro ọkà, láti àárọ̀ lẹ ti ń gbé e sójú oòrùn nínú ìkòkò dúdú. Ẹ ó ní, "Ẹ jẹ́ kí oòrùn bá wa ṣe ìdajì, kí igi ṣe ìyókù." Ẹni tó bá ṣí ìdérí ìkòkò láìnídìí, ẹ ó bi í pé, "Ṣé sánmà lò ń se ọbẹ̀ fún ni?" Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn obìnrin agbolé á máa wá fọnná lọ́dọ̀ yín, nítorí ẹ máa ń fi eérú bo ẹyin iná kó má baà kú. Ẹ kò dá ẹnikẹ́ni padà rí.

Èmi wá jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n gbé mi lọ sí Ẹgbẹ́dá, ìwà mi bá yí padà. Ọdún tó tẹ̀lé òmìnira ni. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì ní àwọn fẹ́ wá kí yín nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ilé ìdáná yín bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lójú. Mo ra sítóòfù tuntun àti agolo kẹrosíìnì kan, mo gbé wọn wálé. Ẹ ti ru àdín lọ sọ́jà. Mo mú ọkọ́, mo wó ààrò yín palẹ̀, mo kó amọ̀ rẹ̀ dà sẹ́yìn ilé, mo gbé sítóòfù sípò rẹ̀. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ṣe oore.

Mo kàwé títí, mo gbàgbé ohun tí ọmọ kékeré mọ̀ ní agbolé wa: obìnrin tó bá kú nìkan la ń wó ààrò rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló sì ń wó o. Ìyálé yín ló kọ́kọ́ yọjú. Bí wọ́n ti rí àfọ́kù amọ̀, wọ́n káwọ́ lérí: "Yéè! Ta ló kú? Àbí Àbẹ̀kẹ́ kú sọ́jà ni?" Agbolé tú jáde. Ibẹ̀ la wà tí ẹ fi dé.

Ẹ wò mí, ẹ wo ọkọ́ ọwọ́ mi. Ẹni tó bá wó ààrò ìyá rẹ̀ láàyè, ńṣe ni yóò kúnlẹ̀ sáàárín agbolé láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí gbogbo obìnrin ilé yóò máa kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀la ni àlejò mi ń bọ̀. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo ní kó wó o. Ó ti gbó."

Mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

Àwọn àlejò mi wá, wọ́n sì lọ; kẹrosíìnì tán kí ìsinmi tó parí. Ẹ padà sídìí òkúta mẹ́ta ní gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé iná káàkiri, tí igi ọ̀sẹ̀ kan kò tó ọjọ́ méjì mọ́. Èéfín sọ ojú yín di pupa. Àwọn obìnrin kò wá fọnná lọ́dọ̀ yín mọ́, wọ́n ní ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n wó ààrò rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú. Ìgbà tí òjò rọ̀ tí amọ̀ dẹ̀ lẹ tó mọ òmíràn, ẹ̀yin nìkan. N kò wálé wá bá yín po amọ̀. Ẹgbẹ́dá ni mo wà, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé, tí mò ń ya ààrò olójú mẹ́ta sójú pátákó fún wọn. Alábẹ̀wò iléèwé yìn mí, ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní inú ìwé ni.

Ìyá mi, ojú tì mí. Ẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi lọ́jọ́ kan. Nígbà Kérésì kan tí mo fẹ́ dá a sílẹ̀, ẹ ní, "Àjíkẹ́, bu omi sí ìkòkò yẹn, iná ń jó lásán." Mo bu omi, mo tún dákẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lọ́jọ́ tí ẹ kú gan-an, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn ilé pé, "Ṣebí òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè é."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé wa, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kò ní kí ẹnikẹ́ni wó ààrò òun. Ìyá mi kò fi ẹnu ara wọn pe ikú. Èmi ni mo wó o, ìyá mi sì purọ́ nítorí mi. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ wọn nìyẹn, èmi ni mo jẹ èrè rẹ̀, àwọn ni wọ́n jìyà rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú yìí, n ó kúnlẹ̀ sáàárín agbolé. Ẹ̀yin ìyá mi gbogbo, ẹ wá kọjá níwájú mi, ẹ má fi oyè tíṣà dá mi sí.

Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà mí sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti rẹ̀ yín tó. Ẹ sùn re o.

Ọmọ yín,
Àjíkẹ́