Ìkòkò Abẹ́ Ìdodo

Dókítà ojú sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò bá wálẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, òun ò ní fi abẹ kan ojú ọ̀tún mi. Ojú òsì ti lọ ná. Ọ̀tún yìí nìkan ni mo fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì, oògùn nìkan ò sì fẹ́ ká ẹ̀jẹ̀ ríru náà mọ́.

Ọ̀gá wa kan tó ti fẹ̀yìntì ní yunifásítì, tó kàwé ní Ṣáínà, ló kọ́ mi ní qigong, ìdúró àti mímí tí wọ́n fi ń tọ́jú ara níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn àgbà Dao, ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan nílẹ̀ Ṣáínà, gbà pé ìkòkò kan wà lábẹ́ ìdodo ẹni. Èémí ni iná rẹ̀, ọkàn ni aláàsè tó jókòó tì í. Ohun tó bá jinná níbẹ̀ ló ń di agbára.

"Iná ẹ̀wà ni kóo dá o," ni wọ́n wí. "Má fẹ́ ẹ rárá."

Ta ló ń gbọ́? Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, àdúrà tí kò bá mú òógùn wá, kò tíì kúrò nínú ilé. Bí mo ṣe ń gbàdúrà ni mo ṣe gbé qigong náà. Mo fún ikùn pọ̀, mo sé èémí mọ́ àyà, mo ń pàṣẹ fún iná: "Gòkè! Gòkè lọ sójú mi!" Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé yóò là, ẹ̀jẹ̀ sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yéè! Mo ti fọwọ́ ara mi ṣera mi.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kan péré ló kù, mo tún dúró lẹ́yìnkùlé wa ní àdúgbò Mayfair, mo dijú, mo na apá, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi. Àdúgbò Òkèrèwè ni wọ́n ti wá kí wa. Ìyàwó wo ló máa gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ tí kò ní kúnlẹ̀? Ṣùgbọ́n èémí ti há sí mi láyà, òòyì ń kọ́ mi. Mo dúró gbọnrangandan.

"Ìyàwó, ṣé èmi lo dijú sí?"

Inú bí wọn, inú bí èmi náà. Bí mo bá fò kúnlẹ̀, màá ṣubú. Bí mo bá sì dúró bẹ́ẹ̀, ìjà dé.

Mo bá ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń tú èémí sílẹ̀ bí mo ṣe ń lọlẹ̀. Kì í ṣe nítorí Dao kankan o, nítorí kíkí ni. Nígbà tí orúnkún mi máa fi kan ilẹ̀, èémí ti bá mi sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ìdodo, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó dákẹ́. Mi ò rán an níṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi." Mo bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní ríran mọ́."

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi.

Màámi gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n jókòó tì mí lórí búlọ́ọ̀kù. "O ò ṣe sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí? Má tíì dìde. Máa mí."

Ọjọ́bọ̀, wọ́n bá mi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá. Mi ò pàṣẹ fún iná kankan. Mo kàn ń gbọ́ bí Màámi ṣe ń mí lẹ́yìn mi, mo ń tẹ̀lé wọn. Dókítà wo ẹ̀rọ náà, ó tún un wọ̀n, ó yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ mú wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."