Òkúta Òrùka Àlàájà

Ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Agége ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àlàájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Òrùka fàdákà kan wà lọ́wọ́ wọn tí ọkọ wọn olóògbé rà fún wọn. Òkúta ámétísìtì tó wà lórí rẹ̀ ní àwọ̀ èsè àlùkò.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun bàjẹ́, wọ́n bọ́ òrùka náà kí wọ́n lè fọwọ́ po ìyẹ̀fun, wọ́n ní kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀. Mo fi í sínú ààrò kejì tí a kì í sábà lò, mo lọ ru igi. Kí n tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti dáná síbẹ̀.

Nígbà tí iná kú tí a gbá eérú, a rí òrùka. Fàdákà rẹ̀ ti dúdú, òkúta rẹ̀ sì ti pọ́n bí oyin.

Àlàájà wò ó títí. "Èyí kọ́ ni òkúta mi. Ta lo ta tèmi fún?"

"Inú iná ló wà mà. Mi ò pààrọ̀ rẹ̀."

"Iná wo ló ń pa òkúta láró?"

Àwọn òṣìṣẹ́ pé lé wa lórí, àwọn oníbàárà náà dúró. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ká fídíò. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ dárí jì mí mà, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Mi ò mú nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ariwo náà dáwọ́ dúró ni.

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ bí? Ó ti jẹ́wọ́!" ni ẹni tó ń ká fídíò kígbe.

Àlàájà mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin alágbẹ̀dẹ wúrà tó máa ń bá wọn tún òrùka náà ṣe ní Ìkẹjà. Ó nù ún, ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó.

"Òkúta yín náà rèé, mà. Ìlà tó dà bí irun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Irú òkúta yìí pọ̀: òmíràn mọ́ bí omi, òmíràn rí bí èéfín. Irin díẹ̀ tó wà nínú tiyín ló fún un láwọ̀ àkọ́kọ́, iná líle ló sì sọ ọ́ di báyìí. Àwọn mìíràn ń mọ̀ọ́mọ̀ yan án kí wọ́n lè tà á bí òkúta aláwọ̀ oyin tí wọ́n ń pè ní sítírìnì."

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Àlàájà rọra bi mí pé, "Bí o kò bá jí i, kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"



Nígbà tí a dé, Àlàájà sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n fídíò náà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí ìyá mi ń gbé. Ìyá mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní àwọn gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ ni mo ti gbọ́ ọ pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi." Ojú tì mí débi pé mo pa fóònù.