Erékùṣù Tí Bọ́lárìnwá Yàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbé e sókè díẹ̀, etí àgbà wúwo. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ìjàpá ń sinmi lónìí, ọ̀rọ̀ ìsinmi gan-an ni mo sì fẹ́ sọ. Ààlọ́ mi fò títí, kò balẹ̀ síbòmíràn àfi orí Bọ́lárìnwá, ọmọ Iléṣà tó ń ṣe akọ̀wé ní rélùwéè Òṣogbo, nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì dé. Yàrá méjì ni òun, Phebe ìyàwó rẹ̀ àti Bándélé ọmọ ọwọ́ wọn ń gbé ní Ìgbóná. Ògiri kan ló wà láàárín àwa àti wọn.

Lọ́dún náà, wọ́n fún un ní líìfù, ìsinmi ọlọ́dọọdún, àti ìwé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ títí dé Pọtakọ́ọ̀tù. Ó ní òun ò ní fi líìfù yìí lọ mọ ilé ní Iléṣà bíi ti gbogbo èèyàn. Erékùṣù lòun ń lọ, níbi tí òkun yí èèyàn ká, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí àgbọn ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Méjì ló wà níwájú rẹ̀. Bọ́nì kò jìnnà sí Pọtakọ́ọ̀tù. Fẹnandópò wà lókèèrè, ọkọ̀ ojú omi ńlá ló ń gbé èèyàn débẹ̀.

Phebe ní Bọ́nì ni tòun. "Bàbá Bándélé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń di ọwọ́ mi mú bí a bá ń kọjá lórí afárá odò Ọ̀ṣun, ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ agbami?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fẹnandópò ló ń sọ ṣáá. Adédìran bàbá rẹ̀ ti bá àwọn alágbàṣe oko kòkó lọ síbẹ̀ nígbà tí Bọ́lárìnwá ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò padà. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé Iléṣà. Nígbà tó ku ọ̀la kí ó sọ ibi tó yàn níbi iṣẹ́, Julianah ìyá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì lọ́sàn-án gangan. Kò jókòó. Kò gba omi lọ́wọ́ Phebe.

"Bọ́lárìnwá, ṣé kò sí iyanrìn ní Bọ́nì ni?"

"Ó wà, Yèyé."

"Òkun ńkọ́?"

"Ó wà."

"Kí ló wá wà ní Fẹnandópò?"

Bọ́lárìnwá wolẹ̀. "Bàbá mi ni, Yèyé. Mo rò pé inú yín á dùn. Ẹ ti ń retí wọn tipẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń retí?"

Èmi tí mò ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi dúró. Julianah rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bí o bá bá a láàyè, yóò ti fẹ́ ẹlòmíràn, mo di ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Bí o bá bá sàréè rẹ̀, mo di opó lọ́jọ́ náà. Ọlọ́runyọmí àbúrò rẹ̀ ti ń dúró láti ṣú mi lópó. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kò dáa, àwọn ará ilé ní àṣà ni. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á lé mi jáde ní yàrá mi. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ wò ó, ìyàwó ẹni tó rìnrìn àjò ni mí. Kò sẹ́ni tó lè ká ẹní mi. Lọ sí Bọ́nì, ọmọ mi."

Bándélé fẹ́ ké, Phebe fi ọmú dí i lẹ́nu.

"Èmi ńkọ́, Yèyé?" Bọ́lárìnwá ló bi í bẹ́ẹ̀. "Àwọn èèyàn ní mo jọ wọ́n. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n, n kò mọ ojú ẹni tí mò ń fá. Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n. Èmi ò mọ̀ wọ́n."

Julianah wò ó títí. Mo rò pé yóò gbá a létí. Ó jókòó, ó gba omi, ó mu ún tán.

"Apá òsì ló máa ń kọ́kọ́ fá," ó wí. "Lọ. Ohun yòówù tí o bá rí, èmi kò ní bi ọ́. Ṣùgbọ́n bí ará ilé bá bi ọ́, mọ ohun tí wàá sọ."

Òun nìkan ló lọ, Phebe ní ọmọ ọwọ́ kì í wọ agbami. Nígbà tó dé, ó gbé àgbọn wá fún gbogbo ilé. A ò tíì fọ́ ọ tán tí Ọlọ́runyọmí fi wọlé láti Iléṣà, tí Julianah ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú.

"Káàbọ̀. Kí lo bá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi?"

Julianah di ilẹ̀kùn mú. Bọ́lárìnwá wo ìyá rẹ̀.

"Mo bá wọn, bàbá. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn mójú tó yàrá ìyàwó àwọn."

Ọlọ́runyọmí wò ó, ó tún un wò. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní òun náà kí ẹ̀gbọ́n òun, ó sì jáde lọ wọ lọ́rì.

Bọ́lárìnwá ní òun fẹ́ bọ́jú lẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Phebe fẹ́ tẹ̀ lé e, Julianah fà á ní ìró.

"Fi í sílẹ̀."

Òun náà mú ọ̀bẹ, ó ń yọ àgbọn lára èèpo, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Nínú yàrá ọkọ rẹ̀ ló darúgbó sí, kò sẹ́ni tó ká ẹní rẹ̀.

Kí lo wí, Mọ́nsúrátù? Ṣé lóòótọ́ ló bá bàbá rẹ̀? Julianah tó bí i lọ́mọ kò bi í, ìwọ lo wá fẹ́ bi í? Ó yá, ẹ gbọn ìdí yín, ẹ wọlé lọ sùn. Ẹni tó bá tọ̀ sórí ẹní, òun ni yóò gbé e lọ sá sóòrùn.