Omi Ti Wọ Sàárè Tí A Gbẹ́ De Fágbénró

Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí Fágbénró ti kú, wọn ò tíì sin ín. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ogójì ọdún ló fi dá orin bọ̀lọ̀jọ̀, tí èmi ń gbè é. Mi ò tíì sunkún. Ojú mi kàn gbẹ ni.

Ọjọ́ tó kú gan-an la gbẹ́ sàárè ẹ̀ síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, bí a ṣe máa ń ṣe. Òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ tọ́ka ibẹ̀ kó tó kú. Àṣé wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ ìsìnkú sílẹ̀ ní Ìlaró. Wọ́n ní ẹni ńlá ni, àwọn ló máa sin ín. Wọ́n gbéwèé fún Lukman ọmọ ẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó rò pé wọ́n ń yẹ́ bàbá òun sí ni. Mọ́ṣúárì tí a gbé e sí ò wá gbé òkú fún wa mọ́, àfi tí ìgbìmọ̀ bá sọ̀rọ̀.

Ẹni ńlá! Odindi ọdún méjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi wú, ta ló mọ ilé ẹ̀ nínú wọn?

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tó tẹ́ ẹní sójú títì ní Ìdógò? Tírélà ti pa ọmọ iléèwé mẹ́ta. Ó jókòó, ó ń kọrin. Dírẹ́bà kan yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ ẹ̀:

"Bàbá, ẹ dìde o! Ẹrù wúwo ń bẹ lẹ́yìn mi!"

"Tèmi wúwo ju tìẹ lọ. Òkú ọmọ mẹ́ta ni. Wá bá mi sọ̀ ọ́."

Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, ó wá jókòó tì í. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ṣe bọ́ǹpù síbẹ̀, kí ọkọ̀ máa rọra sáré.

Lánàá mo lọ bá Oyèwọlé, alága ìgbìmọ̀.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. À ń retí àwọn èèyàn láti Abẹ́òkúta."

"Ṣé àwọn ló bí i?"

"Ẹ̀yẹ là ń ṣe o. Ẹ ò rí fótò ẹ̀ ní oríta ni?"

Mo rí i. Atẹ́gùn ti ya á dé ẹnu.

Páànù la fi bo sàárè, òjò ṣì ń wọ̀ ọ́. Àràárọ̀ ni mò ń gba àkàbà sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀, tí mò ń fi abọ́ gbọ́n omi. Ẹgbẹ́ wa ò sì gbọdọ̀ kọrin títí a ó fi sin ẹni tó ń dá a. Àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dùn mọ́ yín?

Ta ló ní kí òkú dúró de àlejò? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wa. Oyèwọlé, gbé ẹ̀gbọ́n mi wálé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Tí mi ò bá rí i, láàárọ̀ Sátidé, ìwọ ni kó o wá sọ̀kalẹ̀ sínú ihò yẹn. Abọ́ náà wà létí ẹ̀.