Ẹyin Awó Inú Tùwó

Ilé ni wọ́n ti kọ́ kún ibi tí oko bàbá mi wà ní Kukuo báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Kukuo jìnnà sí Tamale débi pé tí ìyá mi bá ti lọ sọ́jà, ńṣe là ń sọ pé ó rìnrìn àjò. Inú oko yẹn lojú ti tì mí jù láyé mi. Ibẹ̀ náà ni mo sì ti di àgbà, lọ́sàn-án gangan, lójú ọkùnrin méjìlá.

Bàbá mi ò torí oko wá. Òwò ló bá wá. Ẹsẹ̀ lòun àtàwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rìn ín, pẹ̀lú ẹrù ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ lórí. Àwọn yòókù di olówó. Ní ti bàbá mi, ẹnu rẹ̀ dùn ju ọjà rẹ̀ lọ. Á bá oníbàárà sọ̀rọ̀ títí oníbàárà á fi gbàgbé ohun tó fẹ́ rà, òun náà á sì gbàgbé pé òun ń tà. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ tán, ojú ń tì í láti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ló bá yá ọkọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, ó ní òun fẹ́ fi òwò sinmi díẹ̀. Ìsinmi yẹn lé lógún ọdún.

Ìyá mi ò gbà láéláé pé àgbẹ̀ lòun fẹ́. "Oníṣòwò ni bàbá yín," á máa wí bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ oko á sì ti gun bàbá náà dé orúnkún. Dàgọ́mbà ni gbogbo aládùúgbò wa, tùwó ọkà bàbà ni wọ́n sì ń jẹ. Ìyá mi ní ẹṣin ló ń jẹ ọkà bàbà nílùú tiwọn. Àmàlà nìkan ló ń wọlé wa. Tí èlùbọ́ bá tán, a ó jẹ ẹ̀wà. Tí ẹ̀wà bá tán, a ó gbọ́ ìtàn bí àmàlà ṣe ń dùn tó l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mi ò tíì ju ọmọbìnrin tí ń fi ìró ìyá rẹ̀ ṣeré lọ. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, ó ku ká kọ ebè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá mi jáde, ó ń ronú òwò bó ṣe ń roko, ló bá fi ọkọ́ ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú bí ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an nìyá mi bímọ, a ò tíì sọ ọmọ lórúkọ. Èbù iṣu wa sì wà lẹ́yìnkùlé, ó ti ń hù lábẹ́ koríko. Tá ò bá tètè rí i gbìn, á rà, a ò sì ní òmíràn. Bàbá mi wo èbù náà, ó ní, "Tébè ò bá ṣeé kọ lọ́sẹ̀ yìí, ebi ló máa sìn wá dé ọdún tó ń bọ̀." Kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí bàbá mi dákẹ́ yẹn lẹ̀rù tó bà mí.

Lówùúrọ̀, ó fi obì ránṣẹ́ sí olórí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò, ọkùnrin gbàǹgbà kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Wọ́n gbà. Ọ̀wẹ̀ tiwọn, wọn kì í gbowó. Wọ́n á ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán, olóko á gbóúnjẹ wá, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ṣe ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n tóúnjẹ ò bá dáa, wọn ò ní bá ọ jà o. Wọ́n á kàn dúpẹ́, wọ́n á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di ilé.

Ta ni yóò wá se oúnjẹ? Ìyá mi wò mí láti orí ẹní, ó ní, "Ìwọ náà ni."

"Ìyá mi, ṣé kí n pe ìyá ilé kejì kó wá fi tùwó ríro hàn mí?"

"Kó lè lọ máa wí kiri pé àwa ò mọ oúnjẹ se? Ta ló ń ro àmàlà nílé yìí?"

"Èmi ni."

"Kí sì ni tùwó bí kò ṣe àmàlà tó ṣìnà?"

"Ẹ̀yin, ẹ ti ro ó rí?"

"Bí mo bá dìde níbí yìí, wàá mọ̀ pé ara mi ti yá."

Mo bá ro ó bí àmàlà. Omi hó yaya, mo da gbogbo ìyẹ̀fun ọkà bàbà tí bàbá mi rà fún ọ̀wẹ̀ náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fi ọmọrogùn kọ lù ú. Ó le. Èmi náà le. Nígbà tí mo fi omi pa á lójú, ó ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Èmi àti àbúrò mi obìnrin rù ú lọ sóko, tòun tọbẹ̀ ilá.

Wọ́n ti kọ ebè dé ìdajì oko. Ó tò lọ rẹrẹ, ó dùn ún wò. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi òrí, ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí kùkùté, ó ń fi ẹnu bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin náà fọwọ́, wọ́n pagbo yí igbá ká. Olórí wọn ló kọ́kọ́ bu òkèlè. Ó rì í bọ ọbẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó pa ẹnu dé. Ó wá dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti òkèèrè. Nígbà tó húkọ́, èéfín funfun jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló wà nínú kókó. Ìta nìkan ló jinná.

Ẹnì kan pariwo, "Mo rí ẹyin!"

"Ẹyin kí ni?"

"Ẹyin awó ni. Ẹ wò ó, mẹ́ta ló yé síbí."

"Tèmi ti pa," lẹni tó jókòó tì í wí, ó sì fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. "Ọmọ ẹ̀ ti fò lọ."

Olórí wọn nu ẹnu, ó pe bàbá mi bí wọ́n ṣe máa ń pe irú wa níbẹ̀. "Bàyárábè, ọ̀rẹ́ mi, ṣé tùwó nìyí?"

Bàbá mi ò bá kàn sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. "Ẹ̀yin ò lè tíì rí irú ẹ̀ rí," ó ní. "Bá a ṣe ń ro ó fáwọn jagunjagun wa nílé nìyẹn. Gbígbẹ inú rẹ̀ yẹn, agbára ni."

"Agbára?"

"Agbára pọ́ńbélé."

Olórí wọn fi ẹsẹ̀ ti igbá náà sọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìwọ lara rẹ ò yá. Gba agbára jẹ."

Bàbá mi bu òkèlè ńlá, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò bẹ̀rù. "Ó dù..." èéfín jáde. Ó gbé e mì. "Mo ní ó dùn gan..." èéfín tún jáde, ó kún irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ẹnì kan fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀.

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹnì kan ti dìde, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára ọkọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì dìde. Olórí wọn ní, "A dúpẹ́, Bàyárábè. Ọlọ́run á fi òjò sí i." Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, kò sí ìbínú kankan. Mo wo ìdajì oko tí kò sí ebè níbẹ̀. Mo rántí èbù wa lábẹ́ koríko.

Mo lóṣòó níwájú rẹ̀ bí àwọn obìnrin wọn ṣe máa ń kí àgbà. Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni. Kò sí jagunjagun kankan. Èmi ni mo ro ó, mi ò sì mọ̀ ọ́n ro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ro ó fún mi, kí n tún un ro."

Ó wò mí títí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ìyẹn nìkan? Kò le. Wàá gbé omi kaná, wàá..." Ó dúró. "Wàá gbé omi kaná."

"Ìyẹ̀fun ló ń kọ́kọ́ wọlé," ni ẹnì kan wí.

"Ìwọ, ṣé o ti dúró ti ìkòkò rí?"

"Mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú yàrá."

Ọkùnrin méjìlá! Gbogbo wọn ló níyàwó, òmíràn ní mẹ́ta, kò sí ẹni tó ro tùwó rí nínú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bí ẹni tó ń pín ilẹ̀. Nígbà tó pẹ́, bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ní, "Èmi mọ̀ ọ́n."

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ọdún tí ìyàwó mi bínú lọ sílé bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń dá ro ó."

"Haba! O ní ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló ń gbé e wá fún ọ!"

"Irọ́ ni mo pa."

"Wallahi," olórí wọn wí, "ọjọ́ irọ́ lòní."

Bàbá yẹn ló kọ́ mi. Wọ́n dáná sábẹ́ igi òrí, wọ́n gbé ìkòkò tí bàbá mi fi ń se iṣu lóko lé e, wọ́n sì gé igi fún mi ṣe ọmọrogùn. Ó ní kí n fọ́ tùwó burúkú náà sínú omi, kí n sè é kó ṣàn bí ògì, kí n bu díẹ̀ sọ́tọ̀, kí n tó máa wọ́n ìyẹ̀fun tuntun sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun tuntun dà? Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Olúkúlùkù wá tú àpò awọ rẹ̀, ó da ìyẹ̀fun tó fẹ́ pò mómi mu lóko jáde. Bàbá mi bo ojú. Àlejò ló ń bọ́ onílé. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ìkòkò mú, olórí wọn gba ọmọrogùn lọ́wọ́ mi nígbà tó rẹ̀ mí, òógùn ń kán lágbárí rẹ̀, ó ń wí pé, "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe èyí?"

Tùwó náà jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá igbá. Ta ló fẹ́ bú oúnjẹ tọ́wọ́ ara rẹ̀ ro?

Olórí wọn dìde. "Ẹ gbọ́. Tá a bá délé báyìí láìṣe iṣẹ́, àwọn ìyàwó wa á bi wá pé kí la ṣe lóko látàárọ̀. Ṣé a ó sọ pé tùwó la ro? Ó yá, ẹ mú ọkọ́!" Wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi kọ ebè tó kẹ́yìn. Wọ́n búra pé ọ̀rọ̀ náà ò ní jáde lóko.

Ìyá mi bi mí nílé, "Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán."

"Mo sọ fún ọ. Àmàlà náà ni."

Inú rẹ̀ dùn títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí àwọn obìnrin tó ń pọnmi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láti odò dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá ilé kejì ò dúró ká pè é. Ó wọ ilé ìdáná wa, ó ro tùwó, ó gbé e síwájú ìyá mi. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó tún bu òmíràn. Ó ní, "Ó jọ pé àwọn ẹṣin yẹn mọ nǹkan tó dáa." Àtìgbà náà la ti ń jẹ ọkà bàbà.

Iṣu yẹn ta. Nígbà tá a wà á, bàbá mi ní kí n ru iṣu ńlá kọ̀ọ̀kan lọ fún ọkùnrin méjèèjìlá. Mo dé ọ̀dọ̀ olórí wọn, mo lóṣòó, mo gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi èékánná kàn án.

"Kú iṣẹ́, Ẹyin Awó," ó ní. Orúkọ tí gbogbo Kukuo pè mí títí mo fi relé ọkọ nìyẹn. "Sọ fún bàbá rẹ pé a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ rán ẹ wá bá wa sè é, sọ fún un pé kó má ṣèyọnu. A ó sun ún."